Bíréèkì Tí Ẹ Mọ̀ Pé Kò Mú

Ẹ̀gbọ́n mi,

Màmá wà ní ọsibítù. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kán. Ẹ má fọwọ́ kan jíìpù Bàbá mọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo ní kí n fi jíìpù náà gbé wọn ṣeré jáde, kí wọ́n rí i bí bíréèkì dísìkì tuntun tí mo fi pààrọ̀ ti àtijọ́ ṣe ń mú. Ní ìdàgẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé-ìwé, mo tẹ bíréèkì, ó bá ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù. Ògiri ló dá wa dúró.

Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, tó bá mi gbé Màmá jáde, ò lè wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín gbé e jáde lánàá, wọ́n fi gun òkúta, wọ́n wá gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Páìpù bíréèkì sán, ó ń jò. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ẹ rí wa tá à ń lọ. Ojú fèrèsé lẹ dúró sí, tí ẹ ń juwọ́ sí Màmá.

Mo wá kó aṣọ Màmá nílé ni. Wọ́n ń bèèrè yín, wọ́n rò pé èmi ni mi ò ṣe bíréèkì náà dáadáa. Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́.