Kò Sóhun Tó Ṣe Kọ̀ǹpútà Yín

Bàbá Nàfísátù,

Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà yìí lọ fún atúnrédíòṣe mọ́ o. Ó ti tún ń sọ̀rọ̀. Alhamdulillahi, ara tù mí!

Nígbà tí ẹ sùn lẹ́yìn sààrì, mo tọ wáyà tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú rédíò wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò lẹ́nu tirẹ̀, ẹnu rédíò ló fi ń sọ̀rọ̀. Wáyà kò já. Bọ́tìnì rédíò ni ẹnì kan yí kúrò níbi tó ti ń gba ohùn kọ̀ǹpútà, tó yí i sí Rédíò Kaduna lálẹ́ àná, kó lè gbọ́ bóyá wọ́n ti rí oṣù ààwẹ̀. Wọ́n rí oṣù, inú ẹni náà dùn, ó gbàgbé bọ́tìnì síbẹ̀. Èmi ni mo yí i padà. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nàfísátù tí ẹ ní ó da kúnú sí i, wallahi, kúnú rẹ̀ kò dé orí tábìlì. Ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ.

Mo ti lọ ra tòmátì ní ọjà Farin Gada. Kí ọmọ tó lọ sílé ìwé, ó sọ̀rọ̀ sínú gbohùngbohùn, kọ̀ǹpútà sì gbé ohùn rẹ̀ pamọ́. Ẹ tẹ lẹ́tà N, ẹ ó gbọ́ ọ: “Bàbá, èmi kọ́ o.”

Ẹ má pa kọ̀ǹpútà náà o, bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ó ń gbàgbé gbogbo ohun tó gbé pamọ́. Bí ó bá kú, ohùn ọmọ ti lọ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ kí wọ́n tó mú iná lọ, kí ẹ sì lọ dúró de ọmọ yín lẹ́nu géètì ilé ìwé.

Kúbúrá