Ìka Mẹ́ta Lójú Àwọ̀n

                                                  Ojúlé Kẹrin,
                                                  Òpópónà Èbúté,
                                                  Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ àbígbẹ̀yìn ti fi í sílẹ̀? Ara tèmi le. Ìyàwó mi náà ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí i sí mi. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Àwọ̀n tí o fi ránṣẹ́ dé, inú mi sì dùn, nítorí tèmi ti gbó débi pé ibi tí mo dì lára rẹ̀ ti ju ibi tí mi ò dì lọ. Ṣùgbọ́n mo ti gé e. Jọ̀wọ́, má tíì ya lẹ́tà yìí.

O mọ̀ pé ẹja adágún wa ti ń tán lọ. Àwọn tí à ń kó ò ju àtàǹpàkò lọ. Wọn ò tíì yé ẹyin rí tá a fi ń yan wọ́n. Ni ẹgbẹ́ apẹja bá jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n sínú koríko etí omi lásìkò tí ẹja ń yé, àti pé ojú àwọ̀n gbọ́dọ̀ gba ìka mẹ́ta, kí àwọn kéékèèké lè ráyè jáde. Èyí tí kò bá gbà á, gígé ni. Ìka ta wá ni? Ibẹ̀ fẹ́ẹ́ dìjà. Ti alága tóbi jù, ti akọ̀wé kéré jù. Èmi ẹlẹ́nu gbọọrọ ni mo ní kí wọ́n lo tèmi. Láti ọjọ́ náà, kò sí àwọ̀n tuntun tó ń wọ omi tí mi ò kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀.

Nígbà tí mo tú ẹrù rẹ ní èbúté, gbogbo wọn péjọ. Ìka méjì wọlé, ìkẹta kọ̀. Káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ fún wa rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tì í díẹ̀, á wọlé." Òótọ́ ni, okùn ọ̀rá tí wọ́n fi hun ún máa ń fà. Ṣùgbọ́n bí èmi bá fipá ti tèmi wọlé lónìí, kò sẹ́ni tí kò ní fipá ti tirẹ̀ lọ́la. Ẹni tó ní òun á dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo yọ ọ̀bẹ, mo gé e lójú wọn.

Ó dùn mí wọnú egungun, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyàwó mi ní omi ti gbé ọgbọ́n orí mi lọ. Títí dòní, nítorí mi ò ní àwọ̀n gidi, ọkọ̀ alága ni mò ń bá wọn wọ̀, ìpín tí mò ń mú wálé ò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, àwọn kan tó ti fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ pamọ́ sájà gbé e wá fúnra wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

O ní o fi ìka mẹ́ta wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, bí mo ti ní kí o ṣe. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìka aránṣọ lo fi wọ̀n ọ́n, abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí agbára bá tún gbé e láti ra òmíràn, mo ti tẹ́ ọwọ́ mi sẹ́yìn ìwé yìí, mo sì fi bírò yí i ká. Gé e, mú un dání lọ sọ́jà. Bí ìka mẹ́ta rẹ̀ ò bá wọlé, má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Má sì tì í.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́,
                                                  Bọ̀dá Apẹja.