Ọ̀nà Oko Láti Ẹ̀gùá Dé Kétu

Ẹ̀gbọ́n mi Roheemat,

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Bọ́dà ṣì wà ní títì, àmọ́ mo fẹ́ dé Kétu kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Bàrúwà ọlọ́kadà ló máa gbé mi gba ọ̀nà oko láti Ẹ̀gùá. Ó ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù síkùn, kí híjáàbù mi bò ó bí oyún.

"Àbúrò, bí sójà bá yọ, kí o máa ké. Ìyàwó mi tó ń rọbí ni ẹ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó dúró tì wá ní, "Ṣé ìbejì ni?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò bi Bàrúwà léèrè ohun tó jó apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mi ò mọ ẹlòmíràn tó lè gbé mi kọjá ní Ìlaròó níbí.

Ẹ sọ fún Màmá pé wọ́n ti ṣí bọ́dà. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa.

Àbúrò yín,
Qúdrát