Bàbá, Mo Gún Ọmọ Mi Lábẹ́rẹ́

Bàbá mi, ẹni tí ọkàn mi kò gbàgbé,

Mo kí yín láti ilé wa ní Oyigbo. A ti tún òrùlé rẹ̀ ṣe, òjò kì í jò sí pálọ̀ mọ́. Ìròyìn kan wà lẹ́nu mi tí mi ò lè pa mọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ bí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ṣe ń bà mí. Kì í ṣe ti ìránṣọ o. Èmi ni mo máa ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yín nígbà tí ojú yín kò ríran dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ dókítà ni. Èmi ajórin, tí mo ń gun orí táǹkì gíga ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ ní Trans-Amadi láìbẹ̀rù, bí mo bá ti rí nọ́ọ̀sì tó ń ṣí abẹ́rẹ́, òógùn tútù á bò mí, etí mi á máa hó, ojú mi á ṣú, ilẹ̀ ni wọ́n á ti bá mi.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ yín le, tí dókítà ní kí ẹ máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì láràárọ̀, ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n, ẹ kò lè gún ara yín. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nítòsí. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré. Mo dákú síwájú yín, ẹ̀yin aláìsàn lẹ wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi. Láti ọjọ́ náà ni Mama Ibinabo, aládùúgbò wa tó ń ta ẹja, ti ń yà wá bá yín gún un kó tó lọ sọ́jà. Ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀: "Papa, e don finish." Ẹ kò bá mi wí rí. Bí mo bá wọlé, ẹ ó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun. Ṣé ó dùn yín, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé ìfẹ́ mi sí yín kò tó ni? Ẹ papòdà kí n tó lè béèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo fẹ́ Sídíkátù, ọmọ Ìlọrin. A bí Ráfíátù. Iwájú orí yín gan-an ló gbé wá sáyé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ní àmujù, ó ń rù, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ń bọ́ lára rẹ̀. Dókítà ní àtọ̀gbẹ tó ń mú àwọn ọmọdé ni, pé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni yóò máa gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un. Èmi tún padà sẹ́yìn ilé.

Ọmọ náà ń wò mí. Lọ́jọ́ kan ó bi ìyá rẹ̀ lójú mi pé, "Mummy, why Daddy dey run from me?" Ọ̀dọ̀ òun ló rò pé mo ń sá kúrò, Bàbá. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sí i, wọ́n pè wá láti Ìlọrin pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá Sídíkátù, àfi kí Sídíkátù wá tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù méjì ló kù kí ọjọ́ náà pé. Mama Ibinabo ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Abuloma. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n lọ rí Dókítà Boma, obìnrin kan tó ń fi hípínósíìsì, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ darí ọkàn ẹni, tọ́jú irú ìbẹ̀rù tó ju agbára ẹni lọ.

Ẹ̀rù òun náà bà mí. Mo rò pé yóò gba iyè inú mi ni. Mo sọ fún un pé, "Madam, I no wan sleep come dey talk anyhow." Ó rẹ́rìn-ín. "You no go sleep. You go hear everything. Nobody dey carry your mind go anywhere."

Ó bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí: bí àwọn àgbàlagbà mẹ́rin ṣe fi ọwọ́ wọn dì mí mú mọ́ orí tábìlì níléèwé, lọ́jọ́ tí wọ́n wá gún wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n ṣi abẹ́rẹ́ náà gún lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Ó ní ara mi kò tíì kúrò lórí tábìlì yẹn, pé bó bá ti rí abẹ́rẹ́, ó rò pé wọ́n tún ti dì í mú. Ó ní kì í ṣe ojo ni mí. Mo sunkún, Bàbá, bí mo ṣe tóbi tó yìí.

Lẹ́yìn náà, bí mo bá lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n ó pajú dé, n ó máa mí díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ darí mi lọ síbi tí ọkàn mi ti máa ń balẹ̀. Ibi tí mo yàn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ó fi ń mú abẹ́rẹ́ sún mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá lajú, a ó wá ṣe é lójúkojú: àwòrán rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó ṣófo lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà mo ń fi abẹ́rẹ́ olómi gún ọsàn. Ó tún kọ́ mi láti fún itan àti ẹ̀ṣẹ́ mi le, kí ẹ̀jẹ̀ má baà sá kúrò lórí mi. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo tún ṣubú. Mo ní ó ti tán fún mi. Ó ní, "E never finish. Oya, go back to orange." A padà sídìí ọsàn.

Sídíkátù gún Ráfíátù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sì wọ ọkọ̀ alẹ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ráfíátù jókòó nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń wo ojú mi. "Daddy, you sure?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Òógùn dé, mo mọ̀ ọ́n. Mo fún itan mi le, mo mí, mo mú awọ apá rẹ̀, mo gún un. Mo ka ení dé ẹ̀wá, mo fà á yọ. Orí ìdúró ni mo ṣì wà. Ọmọ náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "You no fall." Ẹ̀rín tí àwa méjèèjì rín mú kí aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo gún un lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo sọ fún Sídíkátù lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, oríkì tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa.

Mi ò lè padà wá gún tiyín mọ́, Bàbá, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn yín. Ara mi ni kò mọ̀ pé ọjọ́ tábìlì yẹn ti kọjá.

Ráfíátù ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Lánàá, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí òun ṣe máa gún ara òun. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ni yóò ní kó kọ́ òun. Èmi ló yàn.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò dín,
Ọmọ yín, bàbá Ráfíátù.