Ipò Karùn-ún

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Iṣẹ́ ti wá mi dé inú ilé-ìkàwé tí mo sá pamọ́ sí. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún: bí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ orí ayélujára ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe di ohun tó dà lónìí. Mo ní, èmi kẹ̀? Wọ́n ní ta ló tún kù, ṣebí ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe.

Àṣé mo ti dàgbà tó báyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Orí sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù ni mo ti rí i, láàárín àwòrán àdúrà kan àti òdòdó kan. Àǹtí ń ti ilé ìránṣọ wọn pa. Wọ́n ń lọ bá ọmọ wọn lókè òkun ní ọjọ́ kejìlélógún, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé lọ títí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Àwọn tó tọ́ mi nígbà tí màmá wa kú, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán mi nílé ìwé. Ibi tí àwọn oníbàárà wọn ti gbọ́ lèmi náà ti gbọ́.

Mo pè wọ́n. Mo ní ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ mà, wọ́n ní o ṣé. Mo ní ṣé kí n wá bá yín di ẹrù, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó máa dì í. Ó tán. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ ra bọ́tìnì.

Mo mọ ohun tó fà á. Nítorí ìdánwò, n kò lọ síbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìránṣọ náà. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n á ní àwọn ti gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti ń gùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti kafé ayélujára: a ń sanwó wákàtí, nítorí náà ilé la ti máa ń kọ lẹ́tà wa sórí ìwé, ká tó lọ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí àsìkò má baà tán mọ́ wa lọ́wọ́. Yàrá ìtàkúrọ̀sọ, tí gbogbo àjèjì ń béèrè ọjọ́ orí ẹni. Lẹ́yìn náà, ojú òpó tí olúkúlùkù ti ní ojú ewé tirẹ̀ — pàápàá èyí tí àwa ń pè ní Ẹni Mẹ́jọ. O máa mú ọ̀rẹ́ mẹ́jọ, wàá tò wọ́n láti ìkíní dé ìkẹjọ, gbogbo ayé á sì rí i. Ìjà tó ti ibẹ̀ jáde kò ṣeé kà. Fesibúùkù dé, kí oṣù tó parí gbogbo wa ti kó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú òpó abẹ́yẹfò tó ní àmì ẹyẹ, fún ọ̀rọ̀ ṣókí, ti àwòrán, Wasáàpù, fídíò tí kì í tó ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó ń to ọ̀rẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń bá wa tò ó, a ò sì rí bó ṣe ń tò ó.

Alárìíwísí kà á (olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni o — káwọn ọmọ má gbọ́). Ó ní ó gbẹ bí igi. Ó ní kí n lọ wú ojú ewé mi àtijọ́ lórí Ẹni Mẹ́jọ jáde, káwọn ọmọ rí nǹkan gidi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Pásíwọ́ọ̀dù méje ló kọ̀. Ìkẹjọ wọlé. Ó ti rẹ̀ mí, ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo rí i. Ojú mi rèé, pẹ̀lú ìpéǹpéjú tí mo fi lẹ́ẹ̀dì kùn. Ẹni mẹ́jọ mi rèé. Ìkíní, ọmọbìnrin tá a jọ ń gbé yàrá. Ìkejì, ọmọkùnrin kan tí a kì í dárúkọ nínú ilé yìí. Ìkẹta àti ìkẹrin, ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì. Ìkarùn-ún, Àǹtí, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn wọn.

Bóyá ni mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún tò ó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí mi lọ́jọ́ náà ni mo gbé síwájú. N kò ronú. Èmi, ọmọ ilé tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ orí pín omi ìwẹ̀! Mo to ẹni tó pọ̀n mí sẹ́yìn ọmọkùnrin kan.

Nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí n kò rí rí. Àǹtí ló kọ ọ́: "Mo ti rí ipò mi. Ó dáa. Máa kàwé rẹ." Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo kó lọ sí Fesibúùkù ni. N kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí di òní.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìránṣọ rárá. Mo ti ń tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò dùn wọ́n, mo fi èyí tó dùn wọ́n sílẹ̀. Mo sunkún. Ọkọ mi ní kí ló dé, mo ní ojú ló ń ta mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Àǹtí lórí Wasáàpù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Àmì méjèèjì ti di búlúù, wọ́n ti rí i. Wọn ò fèsì.

Ọjọ́ Ajé, 10

Búlúù.

Ọjọ́rú, 12

Kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún Alárìíwísí. Ó ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, ẹsẹ̀ ni kí n fi lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wí mi tí mo máa gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo lọ. Ilé ìránṣọ ti ṣófo: ẹ̀rọ kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ojú ibi tí dígí wà lára ògiri funfun ju ibi tó kù lọ. Wọ́n ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníbàárà tó kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọn ò gbójú sókè.

Gbogbo ohun tí mo ti há sórí ló fò lọ. Mo ní ẹ forí jì mí, Àǹtí, n kò rí ọ̀rọ̀ yín nígbà yẹn, mo ti kó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n rán ìlà náà dé ìparí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ràn ayélujára rí. Nítorí pé mo kọ lẹ́tà pé ibẹ̀ ni mo wà ni wọ́n ṣe wọ kafé. Oní-kafé ló bá wọn ṣí ojú ewé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di asin kọ̀ǹpútà náà mú. Nígbà tí ojú òpó náà ní kí wọ́n to ẹni mẹ́jọ, èmi nìkan ni wọ́n gbé síbẹ̀. Oní-kafé ní màdáàmù, àyè méje ṣì kù o. Wọ́n ní àwọn ò ní ẹlòmíràn.

Gbogbo Àbámẹ́ta ni wọ́n ń padà lọ wò ó bóyá mo fèsì, títí òjò fi dé. Wọ́n ní, "Mo sọ fún ara mi pé o ti kà á, pé o kàn dákẹ́ ni."

Mo fi orí lé orúnkún wọn bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ọwọ́ wọn wá sórí mi. Wọ́n ní, "Ta tiẹ̀ ni ìkẹta yẹn?" Mo ronú, mo ronú. Mo ní mà, n kò rántí orúkọ ẹ̀ mọ́. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí sísọ́ọ̀sì fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni mo wá di ẹrù náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo ti sọ̀rọ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan béèrè èwo ló dára jù nínú gbogbo ojú òpó náà. Mo ní n kò mọ̀, òótọ́ sì ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Wọ́n lọ. Ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n tún kọ́là mi ṣe níwájú gbogbo èrò. Èmi, ẹni ogójì ọdún.

Ọjọ́ Ajé, 24

Aago mẹ́fà àárọ̀, Àǹtí pè. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ṣé kò sí o. Wọ́n ní kò sí. Wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ sọ. A fi wákàtí kan sọ ọ́, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́.