Láti "Ó Dàbọ̀" sí "Ó Dìgbóṣe"

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, nítorí ẹnu ayé.

Bàtà ni mo ń rán. Láràárọ̀, èmi àti àbíkẹ́yìn mi máa ń jọ mu tíì kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Adùn ogbó mi nìyẹn. "Ó dàbọ̀, Bàbá," ló máa ń wí. Lọ́sẹ̀ yìí, ó di "Ó dìgbóṣe."

Mo ní, "Ta ló kú?"

Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ lásán mà ni!"

Ṣùgbọ́n lónìí, ó lọ láìwọ bàtà tí mo rán fún un. Kọ́kọ́rọ́ ilé tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo bá nínú bàtà náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n wá a lọ, kí ayé gbọ́, àbí kí n dúró? Olóòtú, bí òun náà bá ń gbọ́ ètò yìí, ẹ sọ fún un pé "ó dàbọ̀" ni mo ṣì ń retí. Lẹ́yìn náà, ẹ dáná sun ìwé yìí.