Erékùṣù Tí Mo Fi Nu Ọwọ́

Bàbá mi, Tíṣà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú jù, kí n má baà fi ìkíni sá fún un. Mo fi Sòkótírà nu epo àkàrà kúrò lọ́wọ́. Òun náà ni, erékùṣù inú òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, èyí tí ẹ ròyìn igi rẹ̀ sínú ìwé, igi tí orí rẹ̀ rí bí agbòòrùn tí atẹ́gùn yí sódì, tí oje rẹ̀ sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo ti jẹ àkàrà mẹ́rin tán lórí rẹ̀. Mo ti nu ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti rún un mọ́wọ́ kí n jù ú nù, kí n tó rí i pé ìwé ọwọ́ yín ni.

Ṣé ẹ rí mi láti ibi tí ẹ wà? Ó wù mí kí ẹ má rí mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ kú nínú ọyẹ́ tó kọjá, tí àwọn ènìyàn wa ń ti Ọ̀mù-Àrán bọ̀ wá kí wa ní ilé yín ní Ṣàngó, mo ní kí a palẹ̀ yàrá yín mọ́ kí àlejò lè ríbi jókòó. Páálí ńlá kan wà lábẹ́ fèrèsé, ìwé ló kún inú rẹ̀. N kò ṣí ẹyọ kan ṣoṣo wò. Mo kàn sọ lọ́kàn ara mi pé ìwé ìdánwò àtijọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé yín ni. Gbogbo wa la mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ. Mo gbé e lọ fún Ìyá Bàráká tó ń dín àkàrà ní ìkóríta wa, pé kó máa fi wé àkàrà fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Obìnrin náà wo páálí, ó wo ojú mi.

"Ọmọ Tíṣà, ṣé ẹ ti wonú ẹ̀ dáadáa? Ìwé Bàbá mà nù un o."

Mo ní mo ti wò ó. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n ń dí lọ́wọ́. Irọ́ ni mo pa, Bàbá. Òkú yín kò tíì wọ ilẹ̀ tí mo ti ń parọ́ lórí ẹrù yín.

Bí mo bá máa sọ òótọ́ dé ìdí, erékùṣù yín ti sú mi tipẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ti kó sí yín lórí. Bí mo bá wá kí yín, n kò ní tíì jókòó tí ẹ ó ti máa ṣí ìwé, ẹ ó fi itọ́ rin ìka, ẹ ó gbé gíláàsì yín tó ní okùn sójú. Agolo ṣúgà tí ẹ gbé sáàárín abọ́ omi nítorí eèrà, Erékùṣù Ṣúgà ni ẹ ń pè é, ẹ sì máa ń sọ pé àwọn eèrà tó dúró létí omi yẹn nìkan ló mọ ohun tí erékùṣù jẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti kà nípa Sáńsíbà, erékùṣù tí wọ́n ti ń gbin kànáfùrù, ni ẹ ti ń fi kànáfùrù kan sínú tíì yín láràárọ̀. Ẹ ó jẹ ẹ́ lẹ́nu títí yóò fi rọ̀, ẹ ó ní ẹ ti lọ, ẹ sì ti dé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ń wo aago ni.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn àna mi? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìrẹsì síwájú wa ni, ni ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn erékùṣù kan lápá òkè ayé, tí iná abẹ́ ilẹ̀ tì jáde láti inú òkun nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà ní ilé ìwé. Ẹ ní wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ibẹ̀, kìkì àwọn onímọ̀ ló ń lọ wo bí koríko ṣe ń dé sílẹ̀ tuntun. Ẹ ní lọ́jọ́ kan wọ́n bá tòmátò níbẹ̀, ẹnu yà wọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n tú ìdí ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú wọn ló lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀. Àna mi ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ dákẹ́, ọjọ́ yẹn sì ni àwọn àna mi fẹ́ràn yín.

Ẹ̀gàn kò sí nínú ìwé yín, mo ti wá mọ̀ báyìí. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀: Ibi tí ó wà. Ohun tí kò sí níbòmíràn. Ẹni tí ó sọ fún mi. Ẹ kì í fo ẹ̀kẹta yẹn. Bí ó bá jẹ́ rédíò, ẹ ó kọ rédíò, ẹ ó kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ. Níbì kan ẹ kọ ọ́ pé inú ìwé àtijọ́ kan tí ewé iwájú rẹ̀ ti ya ni ẹ ti rí i, nítorí náà ẹ kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, ẹ sì ní kí ẹni tó bá ń kà á má bínú. Ta ni ẹ rò pé ó máa kà á, Bàbá? Ṣé èmi ni?

Ó ku ọ̀ràn ọ́fíìsì. N kò sọ ọ́ rí fún ìyàwó mi, n kò sì bẹ̀ yín nígbà tí ẹ wà láyé.

Ẹ gbọ́ lórí rédíò lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé erékùṣù tuntun mìíràn tún yọ lójú òkun. Ayọ̀ náà pọ̀ jù, ẹ kò lè dúró de Sọ́ńdè. Ẹ wọ mọ́tò, ẹ fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, ẹ wá bá mi ní GRA pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀ àti ìwé yín nínú náílọ́ọ̀nù. Èmi àti ọ̀gá wa tuntun ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ ti ń ṣí ìwé láti òkèèrè. Ọ̀gá bi mí pé ta ni bàbá yìí.

"Ará àdúgbò wa ni, sà."

Mo rò pé etí yín kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pa ìwé dé. Ẹ rọra tẹ̀ ba díẹ̀, ẹ sì kí mi bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Sà ni ẹ pè mí, Bàbá. Lẹ́yìn náà ẹ yí padà, ẹ sì ń lọ sí ẹnu géètì lábẹ́ oòrùn, èmi náà sì bá ọ̀gá wọ mọ́tò. A kọjá lára yín lójú ọ̀nà. Ní Sọ́ńdè tí mo wá kí yín, ẹ kò mẹ́nu bà á rárá, ẹ fi kànáfùrù sínú tíì tèmi náà. Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí? Ká ní ẹ bá mi wí ni, ì bá ti tán.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ bẹ̀ mí fún rí. Ẹ mọ bí akàn pupa ṣe ń ya bo títì ní erékùṣù Kérésìmesì tí àwọn awakọ̀ á dúró dè wọ́n kí wọ́n kọjá. Ẹ mọ ìjàpá Galápágọ̀, tó tóbi ju àpótí ìjókòó lọ, tó ń gbé láti ayé bàbá dé ayé ọmọ ọmọ. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ yín kò tẹ erékùṣù kankan rí. Ẹ ní ṣebí Jẹ́bà nìyí ní ìpínlẹ̀ wa níbí, erékùṣù gidi láàárín Odò Ọya, kí n fi mọ́tò gbé yín dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo ní ó dáa. Mo ní ẹ jẹ́ kí òjò dá. Òjò dá, mo ní ọ̀nà kò dára. Mo tún ní mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé mi ló wà. Fúnmi àbúrò mi sọ fún mi níbi ìsìnkú yín pé Sátidé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ wọ bàtà aláwọ yín láti òwúrọ̀, tí ẹ jókòó sí ìta ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo rí Sòkótírà lọ́wọ́ mi, mo sáré padà lọ bá Ìyá Bàráká. N kò tilẹ̀ rántí wọ bàtà. Ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Wàláhì, mo bi yín! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín!"

Páálí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ó wọ ilé, ó gbé náílọ́ọ̀nù kan jáde, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tó ń dá Kùránì padà fún aláàfáà.

"Èyí tí Bàbá ya àwòrán sí, kò ṣe é fi epo pa. Mo ní bóyá ẹ á bèèrè."

Obìnrin tí kò ka ìwé yín mọ iyì rẹ̀. Ọmọ tí ẹ fi owó oṣù tíṣà rán níwèé dé yunifásítì ni kò mọ̀ ọ́n.

Mo wá inú àgbá tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Mo tẹ̀ ba, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká. Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹni tó ń lẹ táyà lódìkejì ti ká ewé akàn Kérésìmesì sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì rẹ̀ kó má baà mì, ó sì yọ ọ́ fún mi. Madagásíkà ti lọ pátápátá. Èyí tó jìnnà jù láyé, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìdajì rẹ̀ ló kù. Epo ti mú kí àwọn ewé náà máa hàn kọjá, tí mo bá gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, mo ń rí erékùṣù ti ẹ̀yìn nínú ti iwájú. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà bi mí pé alàgbà, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín.

"Ìwé Bàbá mi ni," mo ní. "Bàbá mi ló kọ ọ́."

Mo sọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ìkóríta gbọ́. Ó ti pẹ́ jù.

Bàbá, Jẹ́bà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mo gúnlẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Kò tó wákàtí méjì tí mo fi wà lọ́nà, n kò sì sáré. Kò jìnnà. Mo jókòó létí omi, afárá ọkọ̀ ojú irin wà lókè orí mi, òkúta ńlá kan dá dúró lójú odò, àwọn apẹja ń tú àwọ̀n wọn ká láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ì bá ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ì bá ti mọ orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan báyìí, èmi ì bá sì ti máa wo aago.

Ewé Jẹ́bà wà nínú náílọ́ọ̀nù Ìyá Bàráká, torí pé ẹ ti ya afárá sí i. Ẹ ti fàlà sábẹ́ orí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kò kọ nǹkan sí ìkínní, ẹ kò kọ nǹkan sí ìkejì, ẹ ń dúró kí ẹ fojú rí i. Ìkẹta nìkan ni ẹ ti kọ sílẹ̀: Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo dé ibẹ̀. Ọmọ mi ni ó fi mọ́tò gbé mi lọ.

Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo ìwé yín nìyẹn, èmi ni mo sì jẹ́ kí ẹ pa á.

Mo mú bíró pupa wá, irú èyí tí ẹ fi ń máàkì. Mo fẹ́ fagi lé e, ọwọ́ mi kò gbé e. Mo wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ fún ọmọ tó bá kùnà: Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ju kànáfùrù kan sẹ́nu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tèmi kọ ohun tí mo ń rí sí ìkínní àti ìkejì, díẹ̀díẹ̀, láìsí àbùmọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín. N kì í ṣe ará àdúgbò yín.